Àgbẹ̀ New Zealand tó fi ọparun kan bàálù: ṣé lóòótọ́ ló fò ṣáájú àwọn Wright?

Àkànní Olóko

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n gbádùn láti ìjẹta, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé mẹkáníìkì wà níbí, àwọn tó mọ̀wé náà wà níbí. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi kan la jọ ń tàkúrọ̀sọ nípa ẹni tó kọ́kọ́ gbé bàálù fò, mo ní àwọn Wright ni, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn ní Amẹ́ríkà, ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa ní pírámárì nìyẹn, ni bọ̀ọ̀dá bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irọ́ ni, pé àgbẹ̀ kan ní New Zealand ti fò kí àwọn yẹn tó fò, pé torí pé ìpẹ̀kun ayé ló ń gbé ni ò jẹ́ káráyé gbọ́.

Mo wá lọ wádìí ẹ̀. Richard Pearse lorúkọ ọkùnrin náà. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1877 ni wọ́n bí i ní Waitohi, ìletò kan nítòsí ìlú Temuka, lápá gúúsù Canterbury. Àgbẹ̀ ni bàbá ẹ̀, nígbà tí òun náà pé ọmọ ọdún 21 wọ́n gé ilẹ̀ éékà 100 fún un pé kó máa dáko. Oko ọ̀hún ò gbádùn mọ́ ọn. Ṣe ló sọ ilé di ṣọ́ọ̀bù, ó ní iná tó fi ń rọ irin, ó ṣe léètì (ẹ̀rọ tó ń yí irin kéèyàn lè gbẹ́ ẹ) fúnra ẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń bá ọkọ̀ òkun wá láti Amẹ́ríkà. Ní 1902 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba (péténtì, tó ń fi hàn pé òun ló ṣẹ̀dá ẹ̀) lórí kẹ̀kẹ́ kan tó fi ọparun ṣe, kẹ̀kẹ́ tó lè fẹ́ táyà ara ẹ̀ (ẹ ò ka nǹkan yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i?), lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí bàálù. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Mad Pearse, ìyẹn Pearse Wèrè, àwọn míì ń pè é ní Bamboo Dick torí ọparun tó ń kó kiri.

Ìbéèrè mi rèé. Báwo lèèyàn ṣe ń fi páìpù omi ṣe ẹ́ńjìnnì? Torí ohun tí mo kà nìyẹn, páìpù omi. Ẹ má fi èdè ìwé dá mi lóhùn o, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé lóòótọ́ ló ṣáájú? Ohun tó rú mi lójú ni pé mo rí i níbì kan pé ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ní òun kọ́. Kí ló dé táwọn èèyàn ń fi oyè lé ẹni tó ní òun ò jẹ?

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì

Àkànní, ibi tó dùn mọ́ mi lo gbé ọ̀rọ̀ wá jàre. Jẹ́ kí n dáhùn ti ẹ́ńjìnnì, ti ta ló kọ́kọ́ fò yẹn, kí àwọn tó máa ń jà lórí ọdún wá jà á.

Ẹ́ńjìnnì ẹ̀, sílíńdà méjì ni, wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì, kránkì, irin tó ń yí, wà láàárín. Sílíńdà méjèèjì yẹn ló jẹ́ páìpù irin, irú èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí omi gbà kọjá. Ó dáa. Ẹ wo ọ̀kadà tí ẹ ń gùn, orí pìsítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà, nìkan ni iná ti ń bú, iná á ti pìsítìn wálẹ̀, ìdí pìsítìn ò níṣẹ́ kankan, ọ́ìlì nìkan ló ń ta sí i lára. Pearse ní rárá, ìdí yẹn náà á ṣiṣẹ́. Ó dí ojú sílíńdà méjèèjì pa, iná á bú lókè, á ti pìsítìn lọ, iná á tún bú nísàlẹ̀, á tì í padà. Ìyẹn ni pé sílíńdà méjì ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Kì í ṣe pé òun ló kọ́kọ́ ronú kàn án o, ẹ́ńjìnnì rélùwéè ayé àtijọ́ tó ń fi ooru omi rìn, bó ṣe ń tì í lọ tì í bọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ooru omi nìyẹn, iná pẹtiróòlù kọ́. Tó o bá dí ojú méjèèjì, rọ́ọ̀dù tó di pìsítìn mú gbọ́dọ̀ gba inú ihò kan jáde lọ bá kránkì, rọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ máa yọ̀ nínú ihò yẹn, ihò yẹn ò sì gbọ́dọ̀ jò, bẹ́ẹ̀ iná ń bú níbẹ̀. Pìsítìn gan-an ò níbi tó fi ń mí, iwájú iná, ẹ̀yìn iná. Ẹni tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì rí, tó bá ka ibi tí mo dé yìí, á ti máa mi orí.

Kí ló wá dé tó fi wá ìyọnu bẹ́ẹ̀ fún ara ẹ̀? Ìwọ̀n ni. Bàálù ò fẹ́ irin tó wúwo. Tí sílíńdà méjì bá lè fún ẹ ní agbára mẹ́rin, irin méjì lo ti yọ kúrò lọ́rùn ọkọ̀ yẹn.

Ti páìpù yẹn, mo mọ ohun tí mò ń sọ torí ó ti ṣe mí rí. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tó yà sí fọ́kanáísà, kò lówó kọ̀ǹpúrésọ̀, mo ní kó má dààmú, mo gé páìpù irin kan, mo ní màá fi ṣe sílíńdà fún un. Ẹ bá mi wo inú páìpù o. Tí ẹ bá gbé e sójú oòrùn ẹ ó rò pé ó dán. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha ìka yín ní gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ìlà ibi tí wọ́n jó o pọ̀ ga ju ibi tó kù lọ, tí ẹ bá tún wò ó dáadáa kò rí roboto, ó rí bí ẹyin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sandípépà ha á, mo wé e mọ́ igi, mò ń fà á lọ fà á bọ̀, ọwọ́ mi bó. Lọ́jọ́ tá a tan án, ríǹgì jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Afẹ́fẹ́ lásán mà nìyẹn, kò sí iná níbẹ̀. Ọkùnrin yìí wá gbé iná sínú tiẹ̀, lápá méjèèjì, ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn, lórí oko, kò sí ẹni tó máa pè lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, bóyá ó fò o, bóyá kò fò o, ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan tó fún mi.

Ara bàálù náà ńkọ́, ọparun ni àti páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi wáyà fà á le, ó fi kánfáàsì bo apá. Apá kan ṣoṣo ló ní, ó wà lókè orí, ọ̀gbẹ́ni jókòó sábẹ́ ẹ̀. Wíìlì mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀, ti iwájú ṣeé darí. Ẹ́ńjìnnì wà níwájú, fáànù wà níwájú. Ẹ wá lọ wo fọ́tò ti àwọn Wright, apá méjì tó gun ara wọn, kò ní wíìlì kankan, orí irin gbọọrọ kan ló ti ń sá kó tó gbéra, ẹni tó ń wà á dojú bolẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Tí ẹ bá gbé àwòrán méjèèjì fún ọmọ ọdún mẹ́wàá pé èwo ni bàálù nínú ẹ̀, ti àgbẹ̀ yìí ló máa fọwọ́ kàn.

Ìyá Táyọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ pìsítìn yàtọ̀ sí písitọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ọkùnrin ẹ máa bá a lọ. Ohun tó ká mi lára níbẹ̀ ni ti ilé tí wọ́n ti bí i. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ọkùnrin yìí fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíníà ní Canterbury College ní Christchurch, orí ẹ̀ pé, ọwọ́ ẹ̀ yá, gbogbo ilé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n owó ti bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Tom ni wọ́n rán lọ sí Edinburgh ní Scotland pé kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, òbí tó ń rán ọmọ láti New Zealand dé Scotland láyé ìgbà náà, kí ló tún kù lápò? Bí wọ́n ṣe fún Richard ní ilẹ̀ nìyẹn, pé ìwọ gba tìẹ.

Èmi mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ ni mo ti jáde. Bàbá mi ni wọ́n sọ fún pé ìwọ fọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ á fi orí ṣiṣẹ́. Bàbá mi lọ sóko kòkó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti dé lálẹ́ tí wọ́n wẹ̀ tán, wọ́n á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, wọ́n á tú rédíò. Rédíò ta ni? Rédíò ẹni yòówù tó bá bà jẹ́ ládùúgbò. Agolo mílíìkì mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nọ́ọ̀tì kéékèèké nínú ọ̀kan, wáyà nínú ìkejì, ìkẹta mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ dòní torí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, igbe ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá pálọ̀ yẹn láàárọ̀ títí wọ́n á fi jí wá kó ẹrù wọn. Ìyá mi a máa sọ pé ìyàwó kejì ni rédíò. Bọ̀ọ̀dá wọn tó kàwé yẹn di ọ̀gá ńlá lóòótọ́, ìgbà tí rédíò ẹ̀ bà jẹ́, ta lẹ rò pé ó gbé e wá fún?

Nítorí náà nígbà tí mo kà á pé àwọn èèyàn ń pe Pearse ní wèrè, inú bí mi díẹ̀. Wọ́n ní ilé orin ni ilé wọn o, tẹbí-tọmọ ló ń ta ohun èlò orin pọ̀, cello ni Richard ń ta, gòjé gbàǹgbà yẹn tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún. Wèrè wo ló ń ta gòjé tó ń bá ẹlòmíì mu?

Akin Kò-gbà

Mo ti ka gbogbo àlàyé yín, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti ń fẹ̀sọ̀ sọ ọ́ jù. Ọkùnrin yẹn fò kí àwọn Wright tó fò, ó tán. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1903 ni, àwọn ará àdúgbò dúró síbẹ̀ wọ́n ń wò ó, ó gbéra lójú ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀, ó lọ dé orí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tó wà létí oko, ó sì há sórí ẹ̀. Àwọn Wright ò fò títí di oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Oṣù mẹ́jọ ó lé ló fi ṣáájú wọn. Amẹ́ríkà ló ń kọ ìtàn, àgbẹ̀ ò ní ẹni tó máa bá a kọ tiẹ̀, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Tísà Fẹ̀yìntì

Akin, ọmọ mi, rọra. Èmi náà fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ká pa irọ́ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tó gbé e jáde yẹn, kò sí ìwé ìròyìn tó kọ ọ́, kò sí fọ́tò. Ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn, lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti kú làwọn èèyàn tó wá ń lọ bá wọn pé kí lẹ rántí, àwọn náà ti darúgbó. Pé wọ́n rí i lórí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, mo gbà, ẹnu wọn kò lórí ìyẹn. Ọdún ni ẹnu wọn ò kò lé lórí. Àwọn kan ní 1902, àwọn kan ní 1903, àwọn kan ní 1904. Wọ́n ń fi nǹkan míì ṣírò ọjọ́, pé òjò dídì ńlá ti 1903 ò tíì rọ̀, pé ọjọ́ kejì ni ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin tí wọ́n fi ń tan ara wọn jẹ, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tí wọ́n bá bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n bí mi, wọ́n á ní ọdún tí afárá wó ni. Afárá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló wó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan sọ̀rọ̀. Ní 1909 ó sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Timaru pé òun ò tíì ṣe nǹkan gidi kan lórí ẹ̀ títí di 1904. Ní 1915 ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan ní Dunedin, ó ní tí wọ́n bá kọ ìtàn bàálù, àwọn Wright ni wọ́n máa fi ṣáájú torí àwọn ló kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì fò ní tòótọ́. Ní 1928 ó tún kọ òmíràn sí ìwé ìròyìn ní Christchurch, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní tí ẹ̀rọ náà bá ti sáré tó máìlì 20 ní wákàtí kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ṣùgbọ́n eré yẹn kéré jù láti darí ẹ̀, bó bá ṣe ń kúrò nílẹ̀ báyìí ló ń fẹ̀gbẹ́ yí. Ó wá ní nítorí náà òun ò fi bàálù òun àkọ́kọ́ fò, ó sì fi kún un pé kò sẹ́lòmíì náà tó fi tiẹ̀ àkọ́kọ́ fò.

Ẹ gbọ́ ohùn yẹn? Ohùn ẹni tó mọ̀ ohun tó ń sọ ni. Ó mọ̀ pé kí nǹkan kúrò nílẹ̀ yàtọ̀ sí kí èèyàn wà á. Adìẹ náà ń kúrò nílẹ̀.

Ti àwọn Wright ńkọ́, oníṣòwò kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, láti 1900 ni wọ́n ti ń fi bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì dánra wò lọ́dọọdún. Ní 1901 wọ́n kan àpótí kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, wọ́n wọn oríṣi apá kéékèèké tó tó 200 nínú ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn, Charlie Taylor, ló bá wọn ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903 ní Kitty Hawk, ti àkọ́kọ́ gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 12, kò ju mítà 37 lọ, Akin, ó ṣeé ṣe kí ìwọ sá jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àkókò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fò lọ́jọ́ yẹn, ìkẹrin gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 59, wọ́n rìn tó mítà 260. Fọ́tò wà. Wọ́n jẹ́ méjì, wọ́n lẹ́nìkẹta, wọ́n lówó kẹ̀kẹ́ tó ń wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ bá àgbẹ̀ yìí jà fún ẹ̀tọ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti jà, pé òun nìkan ni, pé òun fúnra ẹ̀ ló ronú kan wíìlì mẹ́ta, fáànù iwájú, àti abẹ̀bẹ̀ kéékèèké létí apá tó ń mú bàálù dọ́gba, nígbà tó jẹ́ pé apá gan-an làwọn Wright ń lọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi béèrè fún ìwé àṣẹ ìjọba ní 1906, wọ́n fún un.

Akin Kò-gbà

Tísà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n tí ò bá fò, kí ló dé tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe pápákọ̀ òfuurufú Timaru? Richard Pearse Airport ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà.

Tísà Fẹ̀yìntì

Nítorí pé ọmọ wọn ni. Ṣé àwọn tí wọ́n fi orúkọ wọn pe òpópónà ládùúgbò yín, gbogbo wọn ló da ọ̀dà sí i ni?

Bísí Oníwèé

😂 Tísà ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín parí ìtàn torí ẹni tó bá dúró síbi ọgbà ẹlẹ́gùn-ún ò tíì gbọ́ ìdajì.

Ní nǹkan bí 1911 ó kúrò ní Waitohi, ó lọ ra oko míì ní tòsí Milton ní Otago. Òkè ló pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ ò tẹ́ tó ibi tí bàálù á ti sá, ó pa bàálù tì. Ṣùgbọ́n ṣé irú wọn ń jókòó? Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń gbin ọ̀dùnkún, ó ṣe èyí tó ń da ajílẹ̀ sóko, ó ṣe kẹ̀kẹ́ alágbára. Ní 1917 wọ́n kó o lọ ságbo ológun, ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ara ẹ̀ ò yá dáadáa nígbà tó padà dé. Ó ta oko, ó lọ sí Christchurch ní nǹkan bí 1921, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ilé mẹ́ta, owó ilé ló ń jẹ. Kò fẹ́yàwó.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe ní gáráàjì ẹ̀ láti ìgbà náà lọ. Bàálù míì. Èyí tí apá ẹ̀ ń ká kó lè wọ gáráàjì bíi mọ́tò, ẹ́ńjìnnì àti fáànù ẹ̀ ṣeé yí, tó o bá fẹ́ gbéra wàá dojú ẹ̀ kọ òkè bíi hẹlikópítà, tó o bá ti dókè wàá yí i síwájú. Ó ní kí olúkúlùkù ní tiẹ̀ nílé ni. Nígbà Ogun Hitler ló kọ̀wé béèrè àṣẹ lórí ẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ làwọn sójà Amẹ́ríkà ń gbé lónìí, Osprey lorúkọ ẹ̀, ẹ lọ wò ó, ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe ń yí. Mi ò sọ pé wọ́n jí i lọ́wọ́ ẹ̀ o, kí Akin má tún gbé e.

Ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń rò pé wọ́n á jí i. Bó ṣe ń dàgbà ló ń fura, ó ń rò pé amí láti òkèèrè ń ṣọ́ òun, kì í jẹ́ kẹ́ni kankan wọ gáráàjì. Ní 1951 wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Christchurch, ibẹ̀ ló kú sí lọ́jọ́ 29 oṣù Keje 1953, ẹni ọdún 75. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n da bàálù gáráàjì yẹn nù bíi pàǹtí. Awakọ̀ òfuurufú kan tó lórúkọ ní ilẹ̀ wọn, George Bolt, ló rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn pé ta ló ni èyí, ibẹ̀ ni ìtàn ti ṣẹ́yọ. Ó padà lọ sí Waitohi, wọ́n lọ tú ààtàn ibi tí ọkùnrin náà ń da irin àlòkù sí, wọ́n rí àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó wà ní mùsíọ̀mù MOTAT ní Auckland báyìí.

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì

Ààtàn! Ẹ jẹ́ kí n lọ padà wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìyá Táyọ̀

Wèrè dùn-ún wò, kò ṣé é bí lọ́mọ. Ìgbà tó wà láyé, Pearse Wèrè, ìgbà tó kú, pápákọ̀. Bísí, ibi gáráàjì yẹn ló dùn mí jù. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ṣé ó máa ṣílẹ̀kùn fún wọn nígbà tó dàgbà? Àwọn agolo bàbá mi wà lọ́wọ́ mi o, ìkẹta náà. Mi ò tíì ṣí i.

Àkànní Olóko

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti kà á, wọn ò sì fèsì. Mo mọ̀ wọ́n, tí wọ́n bá dákẹ́ báyìí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbà yọ.

Èmi tí mo jẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbin ọ̀dùnkún yẹn ni mo fẹ́ rí. Lọ́dún tó kọjá, èèyàn mẹ́jọ ni mo gbà sóko láti kọ ebè àti láti gbin iṣu, owó tí mo san, ẹ má bi mí. Ọ̀gá, ṣé irú ẹ̀ ò lè ṣeé ṣe fún èbù iṣu? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ sùn, kẹ̀kẹ́ tó ń fẹ́ táyà ara ẹ̀ yẹn ńkọ́, ẹ ò tíì sọ ọ́.

Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀dùnkún wọn, irú èyí tí à ń pè ní ànàmọ́ òyìnbó, roboto ni, ó ń yí gbirigbiri, ẹ̀rọ lè máa jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èbù iṣu ò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan gbórí, ọ̀kan gba ìdí, ọ̀kan ní awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ojú ẹ̀ bá dojú délẹ̀ o ti pa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ebè gan-an niṣẹ́. Wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Satidé ká jọ wò ó, mú èbù márùn-ún dání, má mú èyí tó dọ́gba wá.

Ti kẹ̀kẹ́, mo ti rí àwòrán ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ kì í yí po bíi ti kẹ̀kẹ́ tiwa, òkè-sísàlẹ̀ lo máa ń tẹ pẹ́dà, bíi ti maṣíìnì àwọn télọ̀, rọ́ọ̀dù ló ń gbé agbára lọ sí wíìlì ẹ̀yìn. Tó o bá fẹ́ dúró, tẹ pẹ́dà sẹ́yìn. Pọ́ǹpù kékeré ló wà lára kẹ̀kẹ́ fún táyà, kẹ̀kẹ́ ń lọ, táyà ń gba afẹ́fẹ́, o ò ní sọ̀ kalẹ̀ rárá.

Mo fi han ọmọ iṣẹ́ mi tó ń ṣe fọ́kanáísà yẹn, mo ní wo ọpọlọ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní ọ̀gá, èmi ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí.